Ọ̀pọ̀tọ́ Inú Bíbélì àti Dòdò Ìkirè

Ẹni tó bá ń ka Ìwé Mímọ́ déédéé kò ní ṣàì pàdé ọ̀pọ̀tọ́. Láti orí kẹta Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Ádámù àti Éfà ti gán ewé rẹ̀ pọ̀ láti fi bo ìhòòhò wọn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn wòlíì àti inú àwọn ìwé Ìhìn Rere, igi yìí kò kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí Ábígẹ́lì aya Nábálì fẹ́ tu Dáfídì lójú kí ó má baà pa gbogbo ọkùnrin ilé rẹ̀ run, igba àkàrà ọ̀pọ̀tọ́ wà nínú ẹrù tó dì sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà tí eéwo dá Ọba Hesekáyà dùbúlẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ikú, ọ̀pọ̀tọ́ tí a gún pọ̀ ni wòlíì Aísáyà ní kí wọ́n fi lé ojú egbò náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íjíbítì kan sì wà tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta nínú pápá. Ègé àkàrà ọ̀pọ̀tọ́ wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Dáfídì fún un jẹ kí ẹ̀mí rẹ̀ tó sọjí.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884 nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ṣì wà láàyè, mọ igi tí wọ́n ń pè. Ọ̀pọ̀tọ́ tiwa kì í ṣe igi kan náà pẹ̀lú ti ilẹ̀ Júù, ṣùgbọ́n ìdílé kan ni wọ́n. Tiwa a máa so èso rẹ̀ ní ṣùṣù sára ìtì, ẹyẹ àti àdán ló sì ń jẹ ẹ́ jù. Ọdán tí àwọn baba wa ń gbìn sí ojú ọjà àti iwájú ààfin nítorí ibòji, ará ilé kan náà ni. Ẹpin, tí a ń fi ewé rẹ̀ fọ igbá àti ìkòkò nígbà tí kànìnkànìn ìgbàlódé kò tíì dé, òun náà wà nínú ìdílé yìí. Ìwà kan ni gbogbo wọn ń hù: òdòdó wọn kì í hàn síta. Inú èso ni ó ń tàn sí, kòkòrò kékeré kan tó jọ agbọ́n sì ni ó ń gba ihò orí èso wọlé láti gbé ìyẹ̀ akọ dé ọ̀dọ̀ abo.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ igi nínú ìwé ìrántí ilé-ẹ̀kọ́ wa ni pé, ní gbogbo ọdún tí a fi ń jókòó ní gbọ̀ngàn yìí láàárọ̀ tí a ń gbọ́ orúkọ ọ̀pọ̀tọ́, kò sí ọ̀kan nínú wa tó fi ẹnu kan èyí tí Bíbélì ń sọ rí. Inú ìwé oúnjẹ ni a tún ti bá a pàdé.

Ní 1987, mo wà ní kíláàsì SS2. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìkirè àti Apòmù ṣì wà nígbà náà. Ọdún 1991 ni a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọwọ́ wa ni ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 fi bẹ̀rẹ̀, àwa náà sì ni a kọ́kọ́ jókòó ṣe ìdánwò SSCE ní 1988. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ àti ìṣaralóore, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ohùn rẹ̀ kì í ga síbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bí ó bá ń sọ tirẹ̀, ka ohun tí a óò fi ṣe kéèkì eléso fún wa láti inú ìwé: fúláwà, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin, àjàrà gbígbẹ àti fig gbígbẹ. Ẹnìkan na ọwọ́ sókè, ó béèrè ohun tí fig jẹ́. Olùkọ́ ní ọ̀pọ̀tọ́ ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀tọ́ tí àwa mọ̀ ni èyí tó dúró lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin, tí àdán ń jẹ lóru, tí kòkòrò sì ń tú jáde nínú èso rẹ̀ bí a bá là á.

Ṣùgbọ́n fig kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé láti òkè òkun. Owó náírà ti ń relẹ̀ láti ìgbà tí ètò SAP ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Búrẹ́dì kéré, ó sì wọ́n. Àwọn tó ń ṣe é ń fi oríṣiríṣi nǹkan lú fúláwà kí ó lè tó. Ọdún 1992 ni a tó mú òfin náà kúrò. Níbo ni ọmọbìnrin mọ́kànlélógójì yóò ti rí fúláwà tí wọn yóò fi kọ́ṣẹ́ kéèkì, nígbà tí ẹni tó ń fi í ta búrẹ́dì jẹun kò rí i rà?

Ní ọjọ́ Ajé kan, olùkọ́ wa gbé ohun kan tí a fi ewé dì wá sí kíláàsì. Ó tú u sórí tábìlì. Dòdò Ìkirè ni, ó pupa dúdú, ó ń dán fún epo. Ó ní kí a sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun bí ẹni ń ka ìwé oúnjẹ. A ní èso dídùn. A ní ọ̀rá. A ní iyọ̀. A ní ata tó dúró fún èròjà títasánsán. A ní iná. Ó wá béèrè pé, “Kí ni kéèkì ní tí èyí kò ní?” Ọmọ kan láti Apòmù dáhùn pé, “Ẹyin ni, Mà.” Ó dàbí ẹni pé ìdáhùn tó ń dúró dè gan-an nìyẹn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nítorí àwọn òbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló gbé wọn wá sí agbègbè yìí, àti àwọn ọmọ wa tí a bí sí òkè òkun. Dòdò tí gbogbo ayé mọ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n, tí a gé tí a sì dín. Dòdò Ìkirè yàtọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti kọjá pípọ́n ni a fi ń ṣe é, èyí tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí inú rẹ̀ ti rọ̀ débi pé ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ sí ààtàn. A ó bó o, a ó gé e wẹ́wẹ́ tàbí kí a fi ọwọ́ fọ́ ọ, a ó po ata gbígbẹ tí a gún àti iyọ̀ mọ́ ọn, a ó sì dín in nínú epo pupa títí tí yóò fi ṣú. Nígbà tó bá ṣì gbóná ni a óò mọ ọ́n, ọ̀pọ̀ a máa mọ ọ́n bí òkìtì kékeré tí orí rẹ̀ ṣóńṣó, a ó sì jẹ́ kí epo rẹ̀ ro. Ní ayé àtijọ́, ewé ni a fi ń dì í. Lónìí, ọ̀rá ni ó pọ̀ jù. Ó lè lo ọjọ́ mélòó kan láìbàjẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń rà á lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gbé lọ sí ilé wọn. Ìtàn tí a ń sọ fún ọmọdé ní Ìkirè ni pé ìyá àgbàlagbà kan ni oúnjẹ tán mọ́ lọ́wọ́, tí kò ku nǹkan kan nílé ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bíi mélòó kan. Ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó dín in, àwọn aládùúgbò tọ́ ọ wò, ọ̀rọ̀ sì di òwò.

Ní ti ata, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ oníata ní agbègbè wa. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé aáwọ̀ lórí ataare ní ọjà Apòmù wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ wa ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìmọ̀ títí di òní. Ó fi hàn wá pé kì í ṣe ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ fig àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn òyìnbó ìgbà àtijọ́ kan pe ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní ọ̀pọ̀tọ́ Ádámù, nítorí wọ́n gbà pé ewé rẹ̀ ni ó wà ní Édẹ́nì. Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden tó fún àwọn ohun ọ̀gbìn ní orúkọ Látìn, pe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Musa paradisiaca ní 1753, Párádísè sì ni ó fi sọrí. Ẹni tó bá ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo sá fún òjò rí yóò gbà pé àlàyé wọn kò burú. Ewé ọ̀pọ̀tọ́ mélòó ni ènìyàn yóò gán pọ̀ kó tó bo ohun tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lè bò? Títí di òní, ní erékùṣù Saint Lucia ní Karibíánì, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ́ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, fig ni wọ́n ń pe ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí kò tíì pọ́n àti ẹja oníyọ̀ sì ni oúnjẹ tí orílẹ̀-èdè wọn fi ń yangàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí a sá gbẹ náà, àwọn oníṣòwò kan ti pè é ní fig rí.

Ó tún kọ́ wa ní ìdí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú fi ń dùn. Nígbà tí ó wà ní tútù, sítáàṣì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó ti ń pọ́n, sítáàṣì náà ń yí padà di ṣúgà. Afẹ́fẹ́ kan tí èso náà ń tú jáde fúnra rẹ̀ ló ń mú ìyípadà náà yára, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń kó o sínú àpò tí wọ́n sì ń dé e mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ kó tètè pọ́n. Wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó fún afẹ́fẹ́ náà ní orúkọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó sọ pé òun nílò ẹni tó mọ iná dòdò dáadáa, tí yóò wá kọ́ kíláàsì wa. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi.

Màámi ń dín dòdò. Ìyá rẹ̀ dín in ṣáájú rẹ̀. Bàbá mi ní oko kòkó, ṣùgbọ́n iná ọyẹ́ ti jó oko náà kọjá ìdajì nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, láti ọjọ́ náà ni agbada Màámi ti ń bọ́ ènìyàn méje. Owó ilé-ìwé mi, ìwé mi, bàtà mi, inú epo yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ẹni tí ó ń jí ní aago mẹ́rin òru láti dá iná kò ní àkókò láti máa ronú bóyá iṣẹ́ òun lọ́lá.

Nígbà tí olùkọ́ wa wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, Màámi gbé àga fún un, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ dákun, Tísà, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ọmọ mélòó ló wà nínú kíláàsì yín?” Olùkọ́ ní mọ́kànlélógójì ni. Màámi ní, “Mo mọ ìyá mẹ́sàn-án nínú wọn. Ojú títì kan náà ni a jọ ń tà sí. Ohun tí ẹ ní kí n wá kọ́ wọn yìí, òun ni mo fi ń jẹ àwọn ìyá wọn níyà lọ́jà.”

Mo fẹ́ kí ẹ lóye ohun tó ń sọ. Ẹnikẹ́ni lè dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó mú kí àwọn awakọ̀ kan máa béèrè ti Màámi ni iná rẹ̀. Ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kọjá pípọ́n a máa jó kíákíá. Bí epo bá gbóná jù, ẹ̀yìn yóò ti di èédú kí inú tó gbẹ, yóò sì korò. Bí kò bá gbóná tó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò mu epo yó, yóò sì rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà á kó tó dé Gbọ̀ngán. Ó ní bí Màámi ṣe ń fa igi kúrò lábẹ́ agbada ní àárín iṣẹ́, àti bí ó ṣe ń tì í padà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó wà nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó sì ní òun tó ọmọ ogún ọdún kí ìyá náà tó fi agbada sílẹ̀ fún òun nìkan.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé òbí àti olùkọ́. Bàbá kan dìde, ó béèrè bóyá torí kí ọmọ òun lè dín dòdò ni òun ṣe ń san owó ilé-ìwé. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. N kò dá a lẹ́bi nígbà náà, n kò sì dá a lẹ́bi nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ òbí ló fi ara ṣíṣẹ́ nítorí kí ọmọ wọn má baà fi ara ṣe irú rẹ̀, àti pé ní ọdún SAP yẹn, ẹni tó bá rí owó ilé-ìwé san kò fẹ́ gbọ́ àwàdà. Olùkọ́ wa dáhùn ní ṣókí. Ó ní ọmọ tí kò bá lè sọ ìdí tí epo fi ń jó ṣúgà kò ní yege ìdánwò òun, òun kò sì bìkítà bóyá nínú kéèkì ló ti kọ́ ọ tàbí nínú dòdò.

Màámi gbà níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn méjì. Èkíní: àwọn ọmọ yóò wá bá òun ní ẹ̀yìn ilé wa ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òru, kì í ṣe òun ni yóò máa gbé agbada lọ sí ilé-ìwé ní aago mẹ́wàá. Èkejì: kí ilé-ẹ̀kọ́ gbà kí òun san owó ìdánwò SSCE mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá àgbà gba méjèèjì. Mo gbọ́ èkejì nígbà náà gan-an, láti ẹnu olùkọ́. Títí di ìgbà yẹn n kò mọ̀ pé owó ìdánwò mi kò tíì sí nílẹ̀.

Wọ́n wá. Ọgbọ̀n ó lé mẹ́rin ni mo kà nínú òkùnkùn, pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú ilé ibùgbé méjì tó gbé àtùpà. Màámi kọ́ wọn bí a ti ń fi ọwọ́ mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tó àti èyí tó ti rà. Èyí tó ti rà a máa rùn bí ọtí. Ó kọ́ wọn bí a ti ń ju ègé kan sínú epo kí a sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ń ṣọ́ ọ bóyá yóò fi nǹkan pamọ́. Nígbà tó dé ibi tí a ti ń fa igi, ó dúró díẹ̀, ó wo ojú àwọn ọmọ náà, ó sì fà á lójú gbogbo wọn, ó sọ iye tí a óò kà kí a tó tì í padà.

Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ wa mú kéèkì jáde. A kò ní ààrò búrẹ́dì. Ìkòkò ńlá tí a da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a fi ṣe é, a kó ẹyín iná sábẹ́, a sì kó díẹ̀ lé ọmọrí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kọjá pípọ́n ni a gún dípò ṣúgà, a kò fi ju ìwọ̀n kọ́ọ̀bù méjì fúláwà sí i, ìyókù jẹ́ ìyẹ̀fun àgbàdo tí a sẹ́. Ẹyin mẹ́fà. Dípò fig gbígbẹ, Màámi ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ní pẹlẹbẹ, ó ti tẹ́ ẹ sórí àjà ìdáná fún ọjọ́ mẹ́rin títí tó fi gbẹ tó sì ń fà bí awọ. A gé e wẹ́wẹ́ dà sí i. Kò wú púpọ̀. Ó wúwo, ó pọ́n bí igi òmò, àárín rẹ̀ sì tutù díẹ̀. Ọ̀gá àgbà jẹ ẹ̀ẹ̀mejì.

Èmi kò ní parọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aládùúgbò wa: ọdún tó tẹ̀lé e kò rọrùn. Ọmọ kíláàsì wa méjì kò tẹ̀ síwájú lẹ́yìn SSCE, wọ́n gbé agbada kalẹ̀, ọ̀kan ní oríta Apòmù, èkejì nítòsí wa gan-an. Dòdò wọn dára. Kí ló dé tí kò ní dára? Ní ìrọ̀lẹ́ púpọ̀ Màámi gbé agbọ̀n padà wálé pẹ̀lú èyí tí a kò tà. Ó ń kà á, ó ń pín in fún wa, kò sọ̀rọ̀. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà bóyá ó dùn ún. Lẹ́ẹ̀kíní ó ní kí n lọ pọn omi. Lẹ́ẹ̀kejì, tí mo ti di ìyá ọmọ, ó ní ẹni tó ń ta ní oríta Apòmù ló fi ìdajì nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ta òun láwìn ní ọdún tí òun ṣàìsàn. N kò mọ̀ bóyá ìdáhùn nìyẹn. Èrò tèmi ni pé ó ná òun ní owó tó pọ̀ ju owó ìdánwò mi lọ, àti pé ó ti ṣírò rẹ̀ kó tó gbà.

Kì í ṣe àwa nìkan la ní ọgbọ́n yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará Ghana ń fi ata àti atalẹ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, wọ́n ń pè é ní kelewele. Èyí tó bá ti rọ̀ jù ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun fi ṣe tatale. Alókò wà ní Côte d'Ivoire àti ní Benin. Mo ti jẹ gbogbo wọn, mo sì fi tọkàntọkàn yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dúdú tó tiwa ṣe nǹkan tó lè rìnrìn-àjò jìnnà tó tiwa.

Iṣẹ́ kéèkì ni mo ń ṣe jẹun báyìí, ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá fẹ́ dán èyí tí mo ń ṣe wò ní ilé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin tó dúdú tó, ẹyin mẹ́rin, kọ́ọ̀bù fúláwà méjì, ìdajì kọ́ọ̀bù òróró, ṣíbí kékeré méjì páúdà tí ń mú kéèkì wú, iyọ̀ fíntín, àti ata gbígbẹ tó tó orí ọ̀bẹ. Ẹ má fi ṣúgà sí i rárá. Ata náà ni ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi iná wọ́ọ́wọ́ yan án fún bíi wákàtí kan. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kí ó jẹ ègé kan ṣoṣo, nítorí ṣúgà èso, ṣúgà náà ni.

Àbúrò mi obìnrin, tó jáde nílé-ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn mi tó sì ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́ pé a ń ṣe àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó fi fig gbígbẹ páálí mẹ́ta ránṣẹ́, ó ní kí n fi ṣe kéèkì tí ìwé olùkọ́ wa sọ ní 1987, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nínú rẹ̀. Mo ti ṣe ọ̀kan dánwò. Fig dùn púpọ̀, àwọn kóró kéékèèké inú rẹ̀ ń ró láàárín eyín bí ọkà bàbà, ó sì bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ́ débi pé ènìyàn kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ní ọjọ́ àjọ̀dún, yóò wà lórí tábìlì, dòdò yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń dín in ní oríta Apòmù ni yóò ṣe é, òun àti ọmọ rẹ̀.

Mo mú fig díẹ̀ lọ fún Màámi ní Ìkirè. Kò dúró ti iná mọ́, èéfín ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò yí padà. Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀tọ́ tí Ábígẹ́lì gbé lọ fún Dáfídì nìyí. Ó jẹ ọ̀kan, ó jẹun pẹ́ lórí rẹ̀, ó béèrè iye ọjọ́ tó lè wà nílẹ̀ kó tó bàjẹ́. Mo ní ó lè tó oṣù mẹ́fà. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní kí n gbé ọ̀kan sórí àwo lórí fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí, ó ń wò ó ní àárọ̀ gbogbo.